Ìtàn Òfin Ojú-Ọjọ́ àti Iná Mọ̀nàmọ́ná ní Nàìjíríà

Olúpọ̀nnà, tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí òun àti Kúta àti Ilé-Ogbó sì jọ jẹ́ aládùúgbò Ìwó Olódò Ọbà, ilé odídẹrẹ́, kò ní kànga epo rọ̀bì kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá níbẹ̀ tí èéfín rẹ̀ lè ṣú bo ojú ọ̀run. Síbẹ̀, àgbẹ̀ tí ń gbin kòkó àti ẹ̀gẹ́ ní agbègbè náà a máa ṣírò òjò kí ó tó ṣírò owó. Ìyá tí ń yan gààrí a máa bèèrè iye tí wọ́n ń ta epo pẹntiróòlù kí ó tó mọ iye tí yóò san fún ẹni tí ó ni ẹ̀rọ tí ń lọ ẹ̀gẹ́. Aránṣọ tí iṣẹ́ oníṣẹ́ kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ a sì máa wo gílóòbù tí kò tàn láti àárọ̀. Òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni tí ó bá rí ni í pa; òfin tí wọ́n bá sì ṣe ní Àbújá lórí ojú-ọjọ́ àti lórí iná, yóò bá ará Olúpọ̀nnà nínú ilé rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ó gbọ́ nígbà tí wọ́n ń jiyàn lé e lórí, ìbáà sì jẹ́ pé kò gbọ́. Aṣojú kan ṣoṣo ni Ìwó, Ayédire àti Ọlá-Olúwa jọ ń rán lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, ohùn kan nínú 360. Nítorí èyí ni ó fi yẹ kí a tọ ipasẹ̀ àríyànjiyàn náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, kí á lè mọ ohun tí wọ́n ti ń bá ara wọn fà láti nǹkan bí ọdún márùndínláàádọ́ta sẹ́yìn. Lójú tèmi, kò tíì sí aṣòfin kan tí ó dìde tí ó sọ pé òun kò fẹ́ afẹ́fẹ́ tí ó mọ́. Ta ni yóò san owó rẹ̀, àti nígbà wo, ni gbogbo ìjà náà.

Orí gáàsì ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti rí epo ní Oloibiri ní 1956 ni gáàsì ti ń bá epo rọ̀bì jáde láti inú ilẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń wa epo kò sì rí ìdí tí àwọn yóò fi náwó lé e lórí, wọ́n tanná ràn án, ó sì ń jó tọ̀sán-tòru lẹ́bàá ilé àwọn ènìyàn Niger Delta. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn; ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ sun irú oorun bẹ́ẹ̀ fún ìran kan lódindi kí òfin tó dé. Ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 1979, nígbà tí ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé ìjọba lé Alhaji Shehu Shagari lọ́wọ́, ìjọba ológun ṣe òfin pé kí gbogbo ilé-iṣẹ́ epo wá ọ̀nà láti lo gáàsì náà tàbí kí wọ́n dá a padà sínú ilẹ̀, àti pé bí ó bá fi máa di ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹẹrẹ 1984, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sun ún dànù mọ́ láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ mínísítà. Nínú ìwé àṣẹ náà gan-an ni òfin ti jò. Nígbà tí 1984 dé, ìjọba ṣe ìlànà tí ó dá ọ̀pọ̀ kànga sílẹ̀ kúrò lábẹ́ òfin, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé àwọn tí ó kù, kọ́bọ̀ 2 péré lórí ẹgbẹ̀rún kan ẹsẹ̀ gáàsì ní ìbú, òró àti gíga. Wọ́n sọ ọ́ di kọ́bọ̀ 50 ní 1990, wọ́n sì sọ ọ́ di náírà 10 ní 1998, síbẹ̀ ó dẹrùn fún ilé-iṣẹ́ epo láti san ìtanràn ju kí ó kọ́ ẹ̀rọ lọ. Ogún ọdún ń bọ̀ wá di ọ̀la: ọjọ́ tí wọ́n dá ń pé, wọ́n ń sún un síwájú, iná náà kò sì kú.

Kì í ṣe ilé aṣòfin ni ó wá sọ ọ̀rọ̀ tí ó le jù lọ lórí iná náà, ilé ẹjọ́ ni. Ní ọjọ́ 14 oṣù Bélú 2005, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ tí ó wà ní Benin City dá ẹjọ́ tí Jonah Gbemre gbé wá lórúkọ àwọn ará Iwherekan, ní ìtakò sí ilé-iṣẹ́ Shell àti NNPC, ilé-iṣẹ́ epo ti ìjọba, adájọ́ sì sọ pé gáàsì tí wọ́n ń sun láàrin ìlú tẹ ẹ̀tọ́ sí ìyè àti iyì ọmọ ènìyàn lójú, èyí tí ìwé òfin ilẹ̀ wa fi dá olúkúlùkù lójú. Ìdájọ́ náà kò pa iná ní ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni kò ti sí ẹni tí ó lè sọ pé ọ̀rọ̀ owó nìkan ni ọ̀rọ̀ èéfín.

Kí ìdájọ́ náà tó wáyé, ọ̀rọ̀ àyíká ti di ti gbogbo ayé. Ní 1988, wọ́n rí pàǹtí olóró tí a kó láti Ítálì wá sí Koko, ìbínú aráàlú sì mú kí ìjọba dá àjọ FEPA sílẹ̀ ní ọdún náà láti máa bójútó àyíká. Ní 1992, Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó buwọ́lu àdéhùn ojú-ọjọ́ ní Rio de Janeiro, ó sì fi òǹtẹ̀ lù ú ní 1994. Àdéhùn pẹ̀lú àjèjì kò tó. Òfin ilé ni ó ń mú ọmọ onílé. Nítorí náà ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kẹfà, nínú èyí tí Eziuche Ubani láti Ìpínlẹ̀ Abia ti jẹ́ alága ìgbìmọ̀ lórí ojú-ọjọ́, fi gbé àbá òfin kalẹ̀ pé kí a dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa ṣe kòkáárí ọ̀rọ̀ náà. Ilé méjèèjì gbà á wọlé, ṣùgbọ́n kò rí ìbuwọ́lù Ààrẹ Goodluck Jonathan. Ní ilé ìgbìmọ̀ kẹjọ, Sam Onuigbo, tí òun náà jẹ́ ọmọ Abia, tún gbé irú àbá bẹ́ẹ̀ wá, ilé sì tún gbà á, Ààrẹ Muhammadu Buhari kò sì fọwọ́ sí i.

Ohun tí àwọn alátakò ń sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ ìjọba fún ọ̀rọ̀ àyíká ti wà, ó sì ní ẹ̀ka tí ń rí sí ojú-ọjọ́, kí ni a ó tún fi ọ̀gá àgbà mìíràn, mọ́tò mìíràn àti owó oṣù mìíràn ṣe? Ìgbìmọ̀ tí Stephen Oronsaye darí ti jábọ̀ ní 2012 pé àjọ ìjọba àpapọ̀ ti di 541, ó sì dámọ̀ràn pé kí á dín 263 tí òfin dá sílẹ̀ nínú wọn kù sí 161. Ẹni tí ó bá mọ bí owó ìlú ti ń run sórí àga àti tábìlì yóò mọ̀ pé ẹ̀rù yẹ kí ó bà wá. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó gbé àbá náà wá ní èsì: wọ́n ní òjò tí ń ba ọ̀nà jẹ́ kì í ṣe ti mínísítà àyíká nìkan, ọ̀dá tí ń pa oko kàn mínísítà ọ̀gbìn, gáàsì kàn ti epo, owó rẹ̀ sì kàn ti ìṣúná, bí kò bá sí ẹni tí ó ga ju gbogbo wọn lọ tí yóò pè wọ́n jókòó, olúkúlùkù yóò máa na ìka sí ẹnìkejì rẹ̀.

Ọdún 2021 ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ́pọn, ó sì yẹ kí a dúró níbẹ̀ díẹ̀, nítorí òfin méjì tí ojú wọn kọ ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ilé ìgbìmọ̀ kan náà fi ránṣẹ́ sí Ààrẹ kan náà láàrin ọdún kan ṣoṣo. Èkíní ni òfin ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì, tí Buhari buwọ́lù ní ọjọ́ 16 oṣù Ògún. Nígbà tí ilé ń jiyàn lórí rẹ̀, àwọn aṣòfin láti agbègbè epo ń bèèrè ìpín fún ìlú tí wọ́n ti ń wa epo. Ilé aṣojú-ṣòfin fọwọ́ sí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ilé-iṣẹ́ bá fi ṣiṣẹ́ lọ́dún, ilé aṣòfin àgbà ní ìdá 3, ìdá 3 náà ni ó sì borí, nígbà tí wọ́n ya ìdá 30 nínú èrè epo àti gáàsì NNPC sọ́tọ̀ fún wíwá epo tuntun ní àwọn ilẹ̀ tí wọn kò tíì wa epo níbẹ̀. Oṣù mẹ́ta kò tíì pé lẹ́yìn náà tí Buhari fi dìde ní Glasgow, ní ọjọ́ 2 oṣù Bélú, níwájú àwọn olórí ayé, tí ó ṣèlérí pé nígbà tí yóò bá fi di 2060, èéfín tí Nàìjíríà ń tú sójú ọ̀run kò ní ju èyí tí a lè gbà padà lọ. Bí ó ti padà délé ni ó buwọ́lu òfin ojú-ọjọ́ tí Onuigbo gbé wá lẹ́ẹ̀kan sí i.

Òfin yìí dá ìgbìmọ̀ àpapọ̀ kan sílẹ̀ tí Ààrẹ fúnra rẹ̀ jẹ́ alága rẹ̀, tí àwọn mínísítà, gómìnà báńkì àpapọ̀, aṣojú àwọn gómìnà àti ti àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀, àwọn obìnrin, ọ̀dọ́ àti àwọn aláàbọ̀ ara sì wà nínú rẹ̀. Ó pàṣẹ pé kí ìjọba máa dá ìwọ̀n tí èéfín ilẹ̀ wa kò gbọdọ̀ kọjá, kí ó sì máa ṣe ètò iṣẹ́ ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Ó dá àpò owó kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Ó sì sọ ọ́ di dandan fún ilé-iṣẹ́ aládàáni tí ó bá ní òṣìṣẹ́ 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti yan ẹnì kan tí yóò máa bójútó ọ̀rọ̀ ojú-ọjọ́. Mo ka òfin yìí sí iṣẹ́ rere. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfin epo tí ó ṣáájú rẹ̀, a ó rí i pé ọ̀kan ń ya owó sọ́tọ̀ láti wá epo tuntun, èkejì sì ń ṣèlérí pé èéfín yóò dínkù; owó tí a yà sọ́tọ̀ sì wà nílẹ̀ kí ìlérí tó dé.

Ẹni tí ó gbèjà ọ̀nà méjèèjì jù lọ ni igbákejì Ààrẹ nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́. Ó kọ̀wé ní 2021 pé kò tọ́ kí àwọn orílẹ̀-èdè tí ó fi èédú àti epo kọ́ ilé wọn wá fa ọwọ́ owó sẹ́yìn fún gáàsì ilẹ̀ Áfíríkà, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìyá ṣì ń fi igi dáná tí èéfín ń ta wọ́n lójú. Ẹni jẹ gbì ni í kú gbì; ilẹ̀ Áfíríkà kò tíì jẹ tó àwọn tí ó jẹ ẹ́ ṣáájú. Ní oṣù Ògún 2022 ni ó ṣí aṣọ lójú ètò ìyípadà sí iná tí ó mọ́, tí ó ka gáàsì sí afárá, tí ó sì ṣírò rẹ̀ pé owó tí a nílò títí di 2060 yóò tó tírílíọ̀nù 1.9 dọ́là. Nnimmo Bassey, ajàfẹ́tọ̀ọ́ àyíká, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò fara mọ́ afárá náà: wọ́n ní ẹni tí ó bá kọ́ ẹ̀rọ gáàsì lónìí yóò máa lò ó fún ọgbọ̀n ọdún, àti pé ará Niger Delta ti san owó afárá náà tán pẹ̀lú omi tí ó bàjẹ́ àti oko tí kò so. Mo gbà pẹ̀lú Ọ̀ṣínbàjò lórí ààrò obìnrin. Mo sì gbà pẹ̀lú Bassey pé ẹni tí iná ń jó lẹ́bàá ilé rẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé.

Ọ̀nà mìíràn tí ọ̀rọ̀ náà gbà dé ọ̀dọ̀ wa ni ti iná mọ̀nàmọ́ná. Ìwé òfin 1999 kò jẹ́ kí ìpínlẹ̀ ṣòfin lórí iná níbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ bá ti dé. Ní ọdún náà gan-an, Bọ́lá Ahmed Tinubu, gómìnà Èkó, bá ilé-iṣẹ́ Enron ti Amẹ́ríkà ṣàdéhùn iná fún Èkó, ọ̀rọ̀ náà sì di fàá-ká-jà láàrin Èkó àti ìjọba àpapọ̀. Òfin 2005 fọ́ NEPA, àjọ iná ìjọba àpapọ̀, sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì fi àwọn ẹ̀ka rẹ̀ lé oníṣòwò lọ́wọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Bélú 2013, èyí tí ó mú kí Olúpọ̀nnà àti gbogbo Ọ̀ṣun bọ́ sábẹ́ IBEDC, ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná láti Ìbàdàn. Àwọn ọmọdé ṣì ń kígbe pé NEPA ti mú iná wá. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 2023, Buhari buwọ́lu àtúnṣe ìwé òfin tí ó tú okùn náà, Tinubu tí ó ti di Ààrẹ sì buwọ́lu òfin iná tuntun ní oṣù Òkúdù ọdún kan náà. Láti ìgbà náà, ìpínlẹ̀ lè ṣòfin iná tirẹ̀, ó lè fún ẹni tí ń fi oòrùn pèsè iná fún ìlú kan níwèé àṣẹ, ó sì lè dá owó iná lé e. Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gba agbára náà lọ́wọ́ NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣàkóso iná, ní 2024.

Bí agbára ti ń súnmọ́ ilé ni owó pẹ̀lú ń súnmọ́ àpò. Ní ọjọ́ 29 oṣù Èbìbí 2023, Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti parí, iye epo pẹntiróòlù sì fò sókè ní ọ̀sẹ̀ náà. Ní oṣù Igbe 2024, owó iná àwọn tí ó wà ní ìpele A, àwọn tí a ní kí iná wọn máa pẹ́ jù lọ, di náírà 225 lórí wákàtí kílówáàtì kan. Lẹ́yìn náà ni òfin owó-orí tí Ààrẹ buwọ́lù ní oṣù Òkúdù 2025 fi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lé epo, tí ó sì yọ iná tí ó mọ́, kẹrosíìnì ìdáná, gáàsì ìdáná àti gáàsì mọ́tò sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fárígá ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, Taiwo Oyèdélé, alága ìgbìmọ̀ àtúnṣe owó-orí nígbà náà, dáhùn pé ìdá 5 náà ti wà nínú òfin àtúnṣe ọ̀nà láti 2007, àti pé kò ní bẹ̀rẹ̀ àfi bí mínísítà ìṣúná bá kéde ọjọ́ rẹ̀ nínú ìwé ìkéde ìjọba. Ìbéèrè ìyá tí ń yan gààrí wà nínú èyí lódindi: òfin náà fi owó-orí lé epo tí ń yí ẹ̀rọ tí ń lọ ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n kò dárúkọ igi àti èédú tí ó fi ń yan gààrí, kò bu owó lé wọn, kò sì ṣètò ohun tí yóò rọ́pò wọn. Ní ti iná oòrùn tí òfin yọ kúrò nínú owó-orí, àṣẹ láti ṣe òfin tí ìpínlẹ̀ yóò fi lè fún ẹni tí yóò gbé e wá sí Olúpọ̀nnà níwèé wà ní ìkáwọ́ àwọn aṣòfin 26 tí ó wà ní Òṣogbo, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí ará Ayédire kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.