Igi Ìbọn àti Òróró Rẹ̀ ní Ilẹ̀ Yorùbá

Nígbà tí àwọn òpìtàn bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìbọn ní ilẹ̀ Yorùbá, irin àti ẹ̀tù ni wọ́n sábà máa ń mẹ́nu bà. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń rántí igi tí ó gbé irin náà ró. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí igi ìbọn bá là ní ọrùn, kò sí bí irin rẹ̀ ti lè dára tó tí kò ní di ewu: ọwọ́ àti èjìká ẹni tí ó yìn ín ni yóò kọ́kọ́ gbọgbẹ́. Ìtàn ìbọn kò pé, àfi bí a bá fi ìtàn igi àti òróró kún un.

Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní 1921, sọ pé nígbà ogun Òwu, ní nǹkan bí 1821, àwọn Ìjẹ̀bú ní ìbọn nítorí pé wọ́n súnmọ́ etí òkun, tí wọ́n sì ń fi ẹrú gbà á lọ́wọ́ àwọn òyìnbó. Àdá gígùn ni àwọn ará Òwu fi kojú wọn. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, ìbọn ti tàn kálẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ìró ìbọn ni a fi sọ ogun Kírìjì lórúkọ, ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ sì wáyé ní 1886. Ní 1890, àwọn ìjọba tí wọ́n péjọ sí Brussels fọwọ́ sí òfin tí ó dí ọ̀nà mọ́ títa ìbọn ìgbàlódé ní apá tí ó pọ̀ jù ní Áfíríkà, ṣùgbọ́n tí ó fi àyè gba ìbọn àtijọ́ tí òkúta ń ṣáná sí. Ìdí nìyí tí ṣakabùlà fi pẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọdẹ.

Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Liège ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni púpọ̀ nínú àwọn ìbọn wọ̀nyí ti wá. Ní Yúróòpù, òróró èso ọ̀gbọ̀, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní linseed, ni a fi ń parí iṣẹ́ lára igi ìbọn tí ó dára. Oníṣẹ́ a kọ́kọ́ họ igi náà títí yóò fi dán. A ta omi sí i kí irun igi lè dìde, a sì tún un họ. Lẹ́yìn èyí ni yóò fi òróró díẹ̀ pa á, yóò nu èyí tí ó ṣẹ́kù kúrò, yóò sì fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ kí ó tó pa òmíràn lé e. Ojú ibi tí a ti gé igi ní ìdábùú ni ó ń mu òróró jù, nítorí ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé jù. Òróró yìí a máa fa ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, a sì le bí awọ. Ooru a máa tinú iṣẹ́ yìí jáde, tó bẹ́ẹ̀ tí àkísà tí a fi nù ún, bí a bá ká a jọ, fi lè gbiná fúnra rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, òróró tí ó wà ní àrọ́wọ́tó ni epo pupa àti àdín láti inú igbó, àti òrí láti ilẹ̀ ọ̀dàn ní agbègbè Ṣakí àti Kìṣí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ń gbẹ bí òróró ọ̀gbọ̀. Wọ́n a wọ inú igi díẹ̀, wọ́n a sì dá omi dúró fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kì í di awọ. Ọwọ́ àti òjò a máa nù wọ́n kúrò. Bí a bá sì fi wọ́n nípọn jù, eruku a lẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà, ohun tí oníṣẹ́ Yúróòpù ń ṣe parí kí ìbọn tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù di iṣẹ́ àtúnṣe nígbà gbogbo.

Ojú ọjọ́ sì mú kí àtúnṣe náà ṣe pàtàkì. Igi a máa wú nígbà òjò, a sì máa sún kì nígbà ọyẹ́. Òróró kankan kò lè dá èyí dúró pátápátá. Ó kàn ń mú un falẹ̀ ni. Òjò ọdún kan ní Èkó ju mìlímítà 1,500 lọ. Ní Niamey, olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger, kò ju nǹkan bí 550 lọ. Bí ènìyàn bá gbé ìbọn láti Èkó lọ sí àdúgbò Bobiel ní Niamey nígbà ọyẹ́, igi rẹ̀ yóò gbẹ, àlàfo yóò sì lè yọ láàárín òun àti irin. Bí igi kò bá fọwọ́ kan irin déédéé mọ́, ipá ẹ̀tù yóò máa kọlu ojú kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni yóò sì là.

Ìbọn tí a ṣe fún ọjà Áfíríkà jẹ́ olówó pọ́ọ́kú. Bí ó bá wá tọ́jọ́ títí di ìgbà ọmọ àti ọmọ-ọmọ, kì í ṣe ọgbọ́n ibi tí ó ti wá nìkan ni ó mú un pẹ́. Alágbẹ̀dẹ tí ó tún irin rẹ̀ ṣe, gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó fi igi líle bí apá rọ́pò ìdí tí ó fọ́, àti ọdẹ tí kò gbàgbé àkísà olóròóró, àwọn ni ìtàn jẹ ní gbèsè ìyìn.