Họ́mónù Inú Ẹran Màlúù ní Òdòdé-Ìdànrè: Ti Abẹ́rẹ́ ni, àbí Ti Oyún?

Àwọn akẹgbẹ́ wa kan ti ń kọ ọ́ báyìí pé ẹran màlúù tí à ń rà ní Òdòdé-Ìdànrè kún fún họ́mónù tí wọ́n ń gún màlúù kó lè tètè sanra, àti pé òun ló ń mú kí ọmọdébìnrin máa tètè bàlágà. Ẹni tó ń ka ìwé yìí mọ ohun tí họ́mónù jẹ́, n kò ní í dúró lórí ìyẹn. Ẹ̀rí wọn ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí láti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ wá.

Lóòótọ́, ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń ti hóró estradiol, testosterone tàbí trenbolone bọ abẹ́ awọ etí màlúù. Akọ Holstein tí kò wúlò fún wàrà, tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá tí wọ́n sì ń bọ́ fún pípa, náà ń gbà á. Ilẹ̀ Yúróòpù ti fòfin de irú ẹran bẹ́ẹ̀ láti 1989. Ọ̀tọ̀ ni họ́mónù BST tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Amẹ́ríkà ní 1994: wàrà ni wọ́n ń gún un fún, ní ọjọ́ mẹ́rìnlá-mẹ́rìnlá, Kánádà sì kọ̀ ọ́ ní 1999. Àwọn akẹgbẹ́ wa da méjèèjì pọ̀. Púrọ́tíìnì ni BST, ikùn ẹni tó jẹ ẹ́ yóò lọ̀ ọ́ bó ṣe ń lọ ẹ̀wà. Estradiol kì í ṣe púrọ́tíìnì.

Màlúù tó ń dé Òdòdé ńkọ́? Bunaji funfun ló pọ̀ jù, koríko ló ń jẹ. Abo tí Fúlàní ti ń fún wàrà rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, tí kì í sábà mú ju lítà kan sí méjì wá lóòjọ́, ni wọ́n ń tà fún alápatà nígbà tó bá gbó. Họ́mónù ìsanra kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ lára ẹran tí kò rí oúnjẹ jẹ yó. Ta ni yóò wá náwó abẹ́rẹ́ lé màlúù tí egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn?

Ìyàtọ̀ tí wọ́n fò dá nìyí, òun ló sì ká mi lára jù: họ́mónù tí ènìyàn fi sí ẹran kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí ẹran ń ṣe fúnra rẹ̀. Ẹ lọ sí odò ẹran láàárọ̀. Alápatà á la ikùn abo, ilé-ọmọ á yọ jáde ní ràbàtà, ọlẹ̀ á wà nínú rẹ̀, irun ti bò ó, pátákò ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì rọ̀. Wọ́n á wọ́ ọ sápá kan, wọ́n á sì máa gé ẹran ìyá rẹ̀ tà. Àwọn oníṣègùn ẹran ti kọ̀wé lórí pípa abo tó lóyún ní ọ̀pọ̀ odò ẹran Nàìjíríà. Estrogen inú irú abo bẹ́ẹ̀, bí oyún bá ti gbó, máa ń ju ti akọ tí wọ́n ti hóró bọ̀ létí lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Oyún oṣù méjì kò sì rí bí ti oṣù méje. Progesterone tún wà, tó ń bá ọ̀rá wọ inú wàrà tí a fi ń ṣe wàràkàṣì. Akọ tó pé ní testosterone tirẹ̀. Èyí tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá kò ní in tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wọn họ́mónù láì béèrè irú ẹran tó jẹ́, kí ló wọ̀n?

N kò ní í sọ pé kò sí ẹnikẹ́ni ní gbogbo Nàìjíríà tó ń gún màlúù ní họ́mónù. Ohun tí mo lè sọ ni pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tó láti dá abẹ́rẹ́ lẹ́bi, nígbà tí oyún wà níwájú wa gbangba.

Abẹ́rẹ́ tó yẹ ká máa wá ni ti oògùn kòkòrò àìsàn. Nínú ìwádìí tí Olatoye àti Ehinmowo tẹ̀ jáde ní 2010, wọ́n bá oxytetracycline nínú èyí tó ju ìdajì lọ lára ẹran tí wọ́n yẹ̀ wò ní Àkúrẹ́, nítòsí wa níbí. Darandaran á ra oògùn lọ́jà, á gún màlúù tó ń ṣàìsàn, á sì tà á kí oògùn tó kúrò lára rẹ̀. Òun ni mo fẹ́ gbájú mọ́ lẹ́yìn èyí, láti ọwọ́ ẹni tó ń ta oògùn dé orí tábìlì alápatà.

Ní ti họ́mónù, mo bẹ ẹnikẹ́ni tó bá tún fẹ́ wọ̀n ọ́n ní Òdòdé: kó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá akọ ni ẹran náà, tàbí abo, tàbí èyí tí a tẹ̀ lọ́dàá, bó bá sì lóyún, oṣù mélòó ni oyún náà.