Ọjọ́ Tí Clare Sá Kúrò Nílé

Bí èèyàn bá dárúkọ St. Clare's l'Ọ̀fà, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ló ń sọ sí wa lọ́kàn. Ẹni tó ni orúkọ náà gan-an, díẹ̀ nínú wa ló mọ̀ pé ọmọ ọlọ́lá tó sá nílé lóru ni. Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ló ṣe é, ní ìlú Assisi ní Ítálì, nígbà tó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 18. Ọ̀pọ̀ ìwé gbà pé 18 oṣù Kẹta ọdún 1212 ni, àwọn kan ní ọdún tó ṣáájú ni. Ẹ̀rí tí àwọn sístà àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ jẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀ la fi ń tún ọjọ́ náà tò. A ò ní aago wọn lọ́wọ́, oòrùn la ó fi díwọ̀n.

Àárọ̀. Clare wọ aṣọ tó dára jù tó ní. Francis ti Assisi, oníwàásù tó yan ìgbé ayé òṣì, ló ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé wọn jẹ́rìí pé ó máa ń wọ aṣọ funfun líle kan sábẹ́ aṣọ olówó ńlá, àti pé nínú oúnjẹ tí wọ́n ń sè nílé yẹn, ó máa ń fi tirẹ̀ pamọ́, á sì ní kí wọ́n gbé e lọ fún àwọn tálákà.

Ìyálẹ̀ta, ní kàtídírà San Rufino. Wọ́n ń pín màrìwò. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, kálukú ń fẹ́ gba tirẹ̀ ṣáájú. Àwọn ọmọbìnrin yòókù dìde lọ sídìí pẹpẹ, Clare jókòó jẹ́ẹ́. Ni Bíṣọ́ọ̀bù Guido bá sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó rìn wá bá a, ó fi màrìwò lé e lọ́wọ́. Lójú tèmi, bíṣọ́ọ̀bù ti gbọ́ sí ọ̀rọ̀ náà. Irú wọn kì í ṣàdédé fi pẹpẹ sílẹ̀ nítorí ọmọdé kan.

Ọ̀sán di alẹ́, ẹnikẹ́ni ò fura.

Òru. Kò gba ẹnu ọ̀nà ńlá jáde. Ilẹ̀kùn mìíràn wà tí wọ́n ti fi igi ńláńlá àti òkúta dí pa. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kó wọn kúrò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹnu ya àwọn èèyàn, torí ẹrù ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni. Ó yẹ kí àwa ará Ọ̀fà, ìlú oníjàkadì, mọyì agbára yẹn.

Òun àti ẹnìkejì rẹ̀ kan sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kékeré Porziuncola ní ìsàlẹ̀ ìlú, ìrìn bíi kìlómítà mẹ́rin. Francis àti àwọn ará rẹ̀ ti ń dúró pẹ̀lú iná lọ́wọ́. Níwájú pẹpẹ, wọ́n gé irun rẹ̀, ó bọ́ aṣọ ọlọ́lá, ó wọ aṣọ tí kò níyì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sìn ín lọ sílé àwọn sístà San Paolo.

Ibẹ̀ ni ẹbí ti wá bá a. Ó di aṣọ pẹpẹ mú, ó ṣí orí fún wọn wò. Irun ti lọ.

Mo rò pé kì í ṣe ìtọrẹ ló bí wọn nínú. Ta ni ò ń tọrẹ? Kí ọmọ wọn fúnra rẹ̀ di tálákà ni ò ṣeé gbé mì. Ogún rẹ̀ pàápàá, nígbà tó fẹ́ tà á, ẹbí ní àwọn yóò san ju ẹlòmíràn lọ. Ó kọ̀, ará ìta ló tà á fún kí wọ́n má baà rẹ́ àwọn aláìní jẹ, ó sì pín gbogbo owó náà fún wọn.

Lẹ́yìn San Paolo, ó lo ohun tó lé ní 40 ọdún ní San Damiano, ilé tí òun àti àwọn sístà rẹ̀ ń gbé. Póòpù Gregory Kẹsàn-án fi dúkìá lọ̀ ọ́, kò gbà. Ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 1253 ni Póòpù Innocent Kẹrin fọwọ́ sí òfin tí Clare kọ pé òun àti àwọn sístà rẹ̀ kò ní ní ohun ìní kankan. Ọjọ́ 11 oṣù náà ló kú.