Ọ̀kánjúà Ìwé ní Kọ́lọ́nì Èkó

Bí ọ̀rọ̀ ọ̀kánjúà bá ṣẹlẹ̀ láwùjọ Yorùbá, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni owó, ilẹ̀, ilé àti aṣọ. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni rántí ìwé. Síbẹ̀, ìtàn fi hàn pé àwọn kan ti gbé ayé rí tí ìwé gbà lọ́kàn débi pé wọn kò lè rí i kí wọ́n má rà á, ì báà jẹ́ pé wọn yóò kà á tàbí wọn kò níí kà á. Sir Thomas Phillipps, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kú ní 1872, pinnu pé òun fẹ́ ní ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan nínú gbogbo ìwé tí ó wà láyé. Ó jẹ gbèsè sí i. Ìwé gba yàrá mọ́ aya àti ọmọ lọ́wọ́. Nígbà tí ó sì kú, ó lé ní 100 ọdún kí wọ́n tó ta ohun tí ó kó jọ tán. Ẹnu lè ya olùkọ́ ní Ìkòròdú tàbí akẹ́kọ̀ọ́ ní Ẹ̀pẹ́ láti gbọ́ pé irú àìsàn yìí, bí ó bá ṣe pé àìsàn ni, bá ọkùnrin kan jà tí ìlú wọn méjèèjì wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀ rí.

Henry Rawlinson Carr ni ọkùnrin náà. Ọmọ Sàró ni, Èkó ni wọ́n sì bí i sí ní 1863. Ó gba oyè ní Fourah Bay ní 1882, ó kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù, ó padà dé ní 1885, ó sì ṣe olùkọ́ ní Gírámà Sì-Ẹ́mù-Ẹ́sì kí ó tó wọ iṣẹ́ ìjọba ní 1889. Iṣẹ́ àbẹ̀wò ilé-ìwé ni ó sọ ọ́ di ẹni ńlá. Láti 1918 títí di 1924, òun ni Alájẹlẹ̀ Kọ́lọ́nì Èkó, Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì sì wà nínú Kọ́lọ́nì náà. Ọdún 1894 ni Ìkòròdú ti bọ́ sábẹ́ Èkó. Ní ti Ẹ̀pẹ́, ibẹ̀ ni Kòsọ́kọ́ lọ tẹ̀dó sí lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò ní Èkó ní ìparí 1851, kò sì padà wálé títí di 1862.

Ó yẹ kí á dúró díẹ̀ lórí Ẹ̀pẹ́, nítorí pé ìfẹ́ ìwé kò bá Òyìnbó wọ ibẹ̀. Mùsùlùmí pọ̀ nínú àwọn tí ó bá Kòsọ́kọ́ lọ, níbi tí Mùsùlùmí bá sì wà, ìwé ń bẹ níbẹ̀. Àwọn àáfà ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà a máa fi àpò awọ gbé abala Kùránì àti ìwé ìmọ̀ òfin káàkiri. Àpẹẹrẹ ńlá wọn ni Ahmad Baba ti Timbuktu. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Mòrókò mú un ní 1593, ó ní ìwé 1,600 ni wọ́n kó lọ mọ́ òun lọ́wọ́, àti pé ti òun ni ó kéré jù nínú ìdílé àwọn! Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí, nígbà tí Carr wà lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀kọ́, ìjọba dá ilé-ìwé sílẹ̀ fún ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó, lẹ́yìn náà ní Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì, nítorí pé ẹ̀rù ń ba àwọn òbí pé ilé-ìwé ìjọ yóò sọ ọmọ wọn di onígbàgbọ́.

Ẹni tí ó ń bẹ ilé-ìwé wò yìí ní ilé-ìkàwé tirẹ̀ nínú ilé. Nígbà tí ó kú ní 1945, nǹkan bí 18,000 ìwé ni wọ́n bá níbẹ̀.

Ìṣirò kékeré kan yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yéni. Láti ìgbà tí ó ti Lọ́ńdọ̀nù dé títí di ọjọ́ ikú rẹ̀ jẹ́ 60 ọdún. Bí inú ọdún wọ̀nyí ni ó ti kó gbogbo rẹ̀ jọ, á jẹ́ pé ìwé 300 ń wọlé tọ̀ ọ́ lọ́dọọdún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹyọ kan lójúmọ́. Òǹkàwé tí ó múra gidi, tí ó ń ka odindi ìwé kan tán lọ́sẹ̀, yóò ka nǹkan bí 3,100 láàárín 60 ọdún. Kí ni ènìyàn fẹ́ fi 15,000 yòókù ṣe? Ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ yóò ní agbéraga ni. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ti yá jù. Ní ìgbà ayé Carr, kò sí yunifásítì kan ní Nàìjíríà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Gíga Yábàá pàápàá, ó ti ju ẹni 65 ọdún lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bí ènìyàn bá fẹ́ wádìí ọ̀rọ̀ kan lóru, àfi kí ìwé tí ó sọ ọ́ wà nínú ilé rẹ̀. Ọ̀kánjúà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n àìní ni ó bí i.

Bí Carr ti ń kó ìwé, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀ ń kó ìwé. Herbert Macaulay, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ni ọ̀tá náà. Ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́kọ̀ Èṣùgbàyí ni ó dá ìjà wọn sílẹ̀ jù: Carr wà lẹ́yìn ìjọba, Macaulay wà lẹ́yìn ààfin. Ní 1924, Macaulay tẹ ìwé pélébé kan jáde tí àkọlé rẹ̀ kò ju pé kí Henry Carr máa lọ. Ọdún yẹn kan náà ni Carr fi ipò sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pé 60 ọdún, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti fẹ̀yìn tì. Macaulay kò dà bí Carr nínú ìkójọ rẹ̀. Lẹ́tà, ìwé ẹ̀bẹ̀, ìwé ìṣirò owó, àkọsílẹ̀ ọjọ́ dé ọjọ́, ohunkóhun tí yíǹkì bá ti kàn, kò sọ ọ́ nù. Ó kú ní 1946.

Níbo ni ẹrù àwọn méjèèjì wọ̀? Ìjọba ra ìwé Carr, ó sì di ọ̀kan nínú ìpìlẹ̀ ilé-ìkàwé Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948. Ibẹ̀ náà ni ìwé Macaulay lọ. Àwọn méjì tí Èkó kò gbà pọ̀, òrùlé kan náà ni ìwé wọn wà lábẹ́ rẹ̀, ní ilé tí a ń fi orúkọ Kenneth Dike pè.

Èwo nínú méjèèjì ni ó wúlò jù fún ẹni tí ó ń wá ìtàn Kọ́lọ́nì? Bí ó bá jẹ́ ti ọlá, ti Carr ni. Ṣùgbọ́n ìwé tí a tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀dà rẹ̀ mìíràn lè wà níbòmíràn. Lẹ́tà tí ènìyàn kan kọ sí Macaulay nípa ilẹ̀ tàbí oyè, bí ó bá jóná, ó tán nìyẹn. Bákan náà ni àwọn ìwé kéékèèké tí àwọn ọmọ ìlú tẹ̀ lórí ìlú wọn, irú èyí tí T. Ọlá Avoseh kọ lórí Ẹ̀pẹ́ ní 1960. Ìwé tí kò nípọn bẹ́ẹ̀, bí ikán kò bá jẹ ẹ́, ẹni tí ó ń ta ẹ̀pà yóò fi pọ́n ọjà. Òfin ọdún 1950 pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi ẹ̀dà ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ní ti ohun tí wọ́n ti tẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, ọwọ́ àwọn olójúkòkòrò bíi Carr àti Macaulay ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà.

Kò sí ẹni tí ó lè bá Ìbàdàn jà lórí èyí, nítorí pé ó tọ́jú ohun tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ìwé Alájẹlẹ̀ Kọ́lọ́nì ti kúrò ní Kọ́lọ́nì. Akẹ́kọ̀ọ́ Ìkòròdú tí ó bá fẹ́ rí i yóò gba Ṣágámù lọ, ti Ẹ̀pẹ́ yóò sì gba Ìjẹ̀bú-Òde.