Ikú Gbajúmọ̀ àti Ẹnu Tó Ń Ròyìn Rẹ̀

Ní ọdún 2020, wọ́n ya ojú Ian Curtis, olórin ẹgbẹ́ Joy Division, sára ògiri kan ní Port Street, Manchester, láti fi pe àkíyèsí aráàlú sí ìlera ọpọlọ. Nígbà tí ìpolówó àwo orin Aitch, olórin ráàpù, bò ó mọ́lẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ariwo ta débi pé Aitch fúnra rẹ̀ ní òun kò mọ̀ sí i, àwọn yóò tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀, láti ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 1980 ni Curtis ti gbẹ̀mí ara rẹ̀ ní Macclesfield, ní ẹni ọdún 23. Òkú gbajúmọ̀ kì í tètè tutù. Ṣé ìròyìn irú ikú bẹ́ẹ̀ máa ń ti alààyè ṣubú?

Ó ń tì í. David Phillips ti fi hàn ní 1974 pé iye àwọn tó ń para wọn ní Amẹ́ríkà máa ń ròkè lẹ́yìn tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá gba ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn. Lẹ́yìn tí òṣèré Robin Williams gbẹ̀mí ara rẹ̀ ní 2014, àwọn olùwádìí ka 1,841 ikú tó lé ní iye tí wọ́n ń retí láàárín oṣù márùn-ún.

Àwọn kan takò ó pé òǹkà àgbájọ ni gbogbo èyí: ta ló mọ̀ bóyá olóògbé tilẹ̀ gbọ́ ìròyìn náà? Àtakò náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àkójọ ìwádìí tí BMJ, ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn, tẹ̀ jáde ní 2020, ikú gbajúmọ̀ gbé ìpara-ẹni sókè ní ìpín 13 nínú ọgọ́rùn-ún. Níbi tí ìròyìn sì ti tú ọ̀nà tó gbà kú síta, ikú nípa ọ̀nà yẹn gan-an fi ìpín 30 lé. Bí kì í bá ṣe ìròyìn ló kọ́ wọn, ta ni? Ẹnu tó ń ròyìn ni mo dá lẹ́bi.

Àwọn àgbà lè ní ká kúkú dákẹ́. Ó pẹ́ tí a ti mọ̀ ọ́n ṣe: nígbà tí wọ́n ní Ṣàngó gbẹ̀mí ara rẹ̀ ní Kòso, àwọn tirẹ̀ sẹ́ kanlẹ̀. Èmi kò gbà pé ìdákẹ́jẹ́ ni oògùn rẹ̀. Ariwo bí olórin Kurt Cobain ṣe gbẹ̀mí ara rẹ̀ gba gbogbo Seattle ní 1994, àmọ́ wọ́n ń kéde ibi tí ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo lè pè, ìyàwó rẹ̀ sì bá ohun tó ṣe wí ní gbangba. Ìpara-ẹni kò ròkè bí wọ́n ṣe bẹ̀rù. Àwọn tó ń pè fún ìrànwọ́ ló pọ̀ sí i.

Yunifásítì Manchester ti ń ṣàkójọ ikú àwọn tó para wọn láti 1996. Nǹkan bí ìdámẹ́rin péré nínú àwọn tó kú ló dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn ọpọlọ láàárín ọdún tó ṣáájú. Oníṣègùn kò rí àwọn tó kù. Ìròyìn rí wọn. Láàárín àwa Yorùbá Manchester, orí WhatsApp ni ìròyìn náà ń gbà wọlé: fọ́tò olóògbé, lẹ́tà tó kọ sílẹ̀, àti “ẹ bá mi fi ránṣẹ́”. Ìlànà àwọn olóòtú Ìlú Ọba kò gba ìwé ìròyìn láyè láti máa ṣàlàyé ọ̀nà ikú ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n kò de ẹni tó ń fi fọ́nrán ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ìjọ. Ó tún wá burú sí i pé abẹ́ òfin tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan halẹ̀ mọ́ ẹni tó bá gbìyànjú láti para rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti dàgbà ní Nàìjíríà, nígbà tí Ìlú Ọba ti pa irú òfin bẹ́ẹ̀ rẹ́ ní 1961. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í tètè la ẹnu. Síbẹ̀, nọ́ńbà Samaritans, ẹgbẹ́ tó ń gbọ́ ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo, 116 123, tí wọ́n ń gbé tọ̀sán-tòru lọ́fẹ̀ẹ́, kò lè gbà ju ìlà kan lọ lábẹ́ fọ́nrán náà.