Bí A Ṣe Ń Ri Òpó Ọ̀pá Ìwọ̀ Mọ́ Etí Òkun fún Ẹja Ekurá

Ìdí-Ìrókò kò bá òkun pààlà. Ìlú ibodè ni, lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìpókíá ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, odò Yewa tó ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà Àgbádárìgì ni àwọn ará agbègbè náà mọ̀ mọ́ iṣẹ́ ẹja pípa. Ṣùgbọ́n òkun kò jìnnà sí wọn. Ẹni tó bá gba ibodè kọjá sí Ìgólò lè dé Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, kó sì ti ibẹ̀ bọ́ sí etí òkun Sèmè. Ẹni tí kò bá fẹ́ kúrò ní Nàìjíríà lè lọ sí Àgbádárìgì, kó wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà sí Gbẹ̀rẹ́fù.

Àwọ̀n ni àwọn Ègùn, àwọn Ìlàjẹ àti àwọn apẹja tó wá láti Gánà fi ń ṣiṣẹ́ jù lọ ní etí òkun wọ̀nyí. Fífi ọ̀pá ìwọ̀ dọdẹ ẹja ekurá, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní shark, láti orí iyanrìn jẹ́ eré ìdárayá tó gbilẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà, ní Nàmíbíà àti ní Fúlórídà ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò níhìn-ín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń ri òpó tí ọ̀pá ìwọ̀ yóò dúró lé. Ẹja yìí a máa pẹ́ kó tó jẹ ìjẹ. Kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ di ọ̀pá mú fún wákàtí mẹ́ta. Bí ó bá sì wá gbé ìwọ̀, eré ló máa ń bá lọ. Ọ̀pá tí a kàn fi lélẹ̀ yóò bá a wọ inú òkun.

Ohun tó yẹ kí a fi sọ́kàn ni pé òpó kì í bá ẹja jà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tọ́jú ọ̀pá títí ọwọ́ ènìyàn yóò fi tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí òpó ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ ni òpó rẹ̀ ń hú.

Ìdí tí òpó fi ń hú

Ẹ wo ìṣirò kékeré yìí. Bí ẹja bá fi agbára kìlógíráàmù 5 péré fa okùn ní orí ọ̀pá tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10 sí ilẹ̀, bí yóò ṣe yí òpó náà bákan náà ni pẹ̀lú ìgbà tí a bá fi kìlógíráàmù 25 fà á ní ibi tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 2. Bí ọ̀pá bá ṣe gùn tó ni ìnira òpó ṣe ń pọ̀ tó. Iyanrìn tó wà nísàlẹ̀ nìkan ló ń gba ìnira yìí dúró, ìdí nìyẹn tí jíjìn tí òpó jìn fi ṣe pàtàkì ju sísanra rẹ̀ lọ.

Ohun èlò

Páìpù oníke tí àwọn oníṣẹ́ omi ń lò, tí ihò rẹ̀ tó ínǹṣì 2, tó sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 4 tàbí 5, tó fún ẹja kéékèèké. Ti ekurá gbọ́dọ̀ le ju èyí lọ. Ẹ wá irin onígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tàbí irin igun tí àwọn wẹ́dà ń lò, kó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 6. Ẹ fi ayùn irin gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìdagun kó lè mú ṣóńṣó. Ní òkè, ẹ fi bóòtù méjì de páìpù oníke tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ mọ́ ọn. Ẹ wá lu ihò sí ìsàlẹ̀ páìpù náà ní ọ̀tún àti ní òsì, kí ẹ sì ki bóòtù kan gba inú rẹ̀ kọjá. Orí bóòtù yìí ni ìdí ọ̀pá yóò jókòó lé, kò ní í yọ̀ bọ́ sílẹ̀.

Ẹ wọn ìdí ọ̀pá yín kí ẹ tó ra páìpù. Ó gbọ́dọ̀ wọlé wọ́ọ́rọ́, kó sì jáde wọ́ọ́rọ́. Òpó tó bá há ọ̀pá mọ́ra burú ju èyí tó ṣí sílẹ̀ lọ, nítorí ìgbà tí ẹja bá ń sáré kọ́ ni a ó máa bá páìpù jìjàkadì. Inú omi iyọ̀ ni irin yìí yóò ti máa ṣiṣẹ́. Ẹ kùn ún ní ọ̀dà, kí ẹ sì fi omi tútù ṣàn án lẹ́yìn ìgbà gbogbo tí ẹ bá lò ó.

Yíyan ibi àti rírì í

Òkun a máa kún ní ẹ̀ẹ̀mejì láàárín nǹkan bí wákàtí 25, ó sì máa ń kún jù nígbà tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti nígbà tó bá mọ́lẹ̀ rokoso. Ẹ wo ibi tí ìdọ̀tí àti koríko òkun wọ́ jọ sí lórí iyanrìn. Ibẹ̀ ni omi dé kẹ́yìn. Òkè ibẹ̀ ni kí ẹ ri òpó sí. Láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹsàn-án, ìgbì etí òkun wa a máa le gan-an, ẹ sún sẹ́yìn sí i nígbà náà.

Iyanrìn gbígbẹ kò di nǹkan mú. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ tàbí ṣọ́bìrì kó o kúrò títí ẹ ó fi kan èyí tó tutù tó sì le. Inú ìyẹn ni kí ẹ ti òpó bọ̀, kí ẹ máa mì í síwá sẹ́yìn bí ó ṣe ń wọlẹ̀, títí ẹsẹ̀ bàtà 2 ààbọ̀ ó kéré tán yóò fi rì sínú ilẹ̀ líle. Ẹ jẹ́ kí orí rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀yìn, kúrò lápá òkun. Lẹ́yìn náà, ẹ da iyanrìn tútù yí i ká, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa.

Omi etí òkun wa, láti Kútọnu títí dé Èkó, a máa wọ́ lọ láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn. Gbogbo okùn tí a bá jù ni yóò máa tẹ̀ sí apá ìlà oòrùn. Bí òpó bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ fi ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí àárín wọn. Èyí tó wà ní apá ìlà oòrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ ju okùn rẹ̀, kí okùn má baà lọ́ mọ́ra.

Ìjánu àti okùn ìdè

Kẹ̀kẹ́ tí okùn wé mọ́, tí wọ́n ń pè ní ríìlì, ní ìjánu tí a lè tú tàbí kí a fún. Nígbà tí ọ̀pá bá wà lórí òpó, ìjánu gbọ́dọ̀ rọ̀. Ẹ dán an wò báyìí: kí ẹnì kan di okùn mú pẹ̀lú aṣọ tó nípọn, kó máa bá a rìn lọ sí apá omi. Bí okùn bá ń tú jáde kí òpó tó mì, ó dára. Bí òpó bá kọ́kọ́ mì, ìjánu ti le jù.

Ẹ ri èèkàn kejì sí ẹ̀yìn òpó ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ fi okùn tó lágbára so ìdí ọ̀pá mọ́ ọn, pẹ̀lú ìdè tí ọwọ́ kan lè tú. Ọ̀pá ni kí ẹ so, kì í ṣe ara yín. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wé okùn ìwọ̀ mọ́ ọwọ́ tàbí mọ́ ìbàdí. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Nígbà tí ẹja bá gbé ìwọ̀

Ènìyàn méjì ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́, ó kéré tán. Bí kẹ̀kẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí ké, ẹnì kan yóò di ọ̀pá mú lókè àti nísàlẹ̀ kẹ̀kẹ́, yóò gbé e sókè tààrà kúrò nínú páìpù, yóò sì fi ẹ̀yìn rìn kúrò létí omi. Ẹnì kejì yóò tú okùn ìdè, yóò sì ká àwọn okùn yòókù wọlé. Ìgbà náà ni a ó tó máa fún ìjánu díẹ̀díẹ̀. Ìwọ̀ tí ẹnu rẹ̀ ká wọnú bí òrùka ló dára jù, nítorí igun ẹnu ẹja ló máa ń kọ́, kì í wọ inú ikùn. A kì í já irú ìwọ̀ bẹ́ẹ̀ gbà lójijì. A kàn ń jẹ́ kí okùn le ni.

Ẹ má ṣe wọ́ ekurá gun iyanrìn gbígbẹ. Omi ló ń gbé ìwúwo rẹ̀. Bí ó bá jáde, ara rẹ̀ yóò tẹ ìfun òun fúnra rẹ̀ pa. Ẹ fi ẹ̀mú gé wáyà nítòsí ìwọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó lọ. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2019, Fúlórídà ti sọ ọ́ di òfin pé kí ẹni tó ń dọdẹ ekurá láti etí òkun kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ àti ìwé àṣẹ ọ̀fẹ́, kó sì ní ohun tí yóò fi gé ìwọ̀ lọ́wọ́.

Ẹja tí òfin dáàbò bò

Ekurá kì í bímọ bí ẹja ṣáwá. Irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Carcharhinus leucas, tó máa ń wọ inú odò àti ọ̀sà, a máa lóyún fún oṣù 10 sí 11, ọmọ rẹ̀ kì í sì í ju 13 lọ. Ekurá olórí òòlù wà lára àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ parun ní ayé, a sì máa tètè kú bí ó bá ti rẹ̀ ẹ́ lórí ìwọ̀. Bí ẹ bá rí orí rẹ̀ nínú ìgbì, ẹ gé okùn lójú ẹsẹ̀.

Èyí kan àwọn ará Ìdí-Ìrókò gan-an. Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ wà nínú àdéhùn àgbáyé CITES lórí òwò àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu. Ọdún 2013 ni wọ́n fi ekurá olórí òòlù sínú rẹ̀, nígbà tí ó sì di oṣù kọkànlá ọdún 2023, gbogbo ìdílé Carcharhinidae ti wà níbẹ̀. Ẹni tó bá gbé lẹbẹ tàbí ẹran gbígbẹ irú ekurá bẹ́ẹ̀ gba ibodè kọjá fún títà láìní ìwé àṣẹ ti rú àdéhùn náà, ìbáà jẹ́ orí ọ̀kadà ló gbé e sí. Nàìjíríà ti ní òfin tirẹ̀ lórí irú òwò yìí láti ọdún 1985, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ àyíká ló sì ń fún ni ní ìwé àṣẹ.

Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ hú gbogbo òpó àti èèkàn, kí ẹ sì dí ihò wọn. Ìjàpá òkun a máa gun iyanrìn wọ̀nyí lóru láti yé ẹyin, àwọn tó ń fa àwọ̀n a sì máa fi ẹsẹ̀ lásán rìn níbẹ̀ láàárọ̀. Irin tí a gbàgbé sínú iyanrìn kì í yan ẹni tí yóò gún.