Àwo Méjì Ló Kù

Kùtùkùtù ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 10, oṣù kẹrin, ọdún 1927. Òtútù mú ní àfonífojì Yosemite, ní ìpínlẹ̀ California. Èèyàn márùn-ún fẹ́ gun òkè. Ọ̀kan nínú wọn ni Ansel Adams, ẹni ọdún 25. Dùùrù ló ti ń kọ́ láti kékeré. Láti ọdún 1916, nígbà tí ó kọ́kọ́ mú kámẹ́rà Kodak kékeré kan wá síbí, ló ti ń ya àwọn òkè àfonífojì yìí. Kò tíì pinnu bóyá fọ́tò ni yóò fi ṣe iṣẹ́ jẹun.

Ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ tó nǹkan bíi kílò 18. Kámẹ́rà onígi Korona kan wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́ǹsì mélòó kan. Igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí yóò gbé kámẹ́rà lé wúwo. Fíltà méjì ló wà níbẹ̀: ọ̀kan ní àwọ̀ ìyeyè, èkejì pupa tó ṣókùnkùn. Àpótí pẹlẹbẹ mẹ́fà tún wà. Àwo gíláàsì méjì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò kan ni àwo kan lè gbà.

Àwo 12. Kò sí òmíràn títí wọn yóò fi sọ̀kalẹ̀.

Àárọ̀. Wọ́n ń gòkè. Virginia Best wà pẹ̀lú wọn. Òun ni Ansel yóò gbé níyàwó nínú oṣù kìíní ọdún tó ń bọ̀. Cedric Wright, tó ń ta fayolíìnì, wà níbẹ̀. Arnold Williams àti Charlie Michael náà wà níbẹ̀. Pèpéle àpáta kan ni wọ́n ń lọ. Diving Board ni orúkọ rẹ̀. Láti ilẹ̀ àfonífojì dé ibẹ̀ tó nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà 3,500. Yìnyín kò tíì yọ́ tán lórí òkè. Gíláàsì ni àwo. Bí ẹsẹ̀ bá yọ̀, bí ẹrù bá lu àpáta, ọjọ́ náà ti bàjẹ́.

Ìyálẹ̀ta. Ansel ń dúró lójú ọ̀nà, ó ń yàwòrán. Gbogbo ìgbà tó bá dúró, iṣẹ́ kan náà ni. Ó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ó ti orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú. Lójú díńgí ẹ̀yìn kámẹ́rà, gbogbo nǹkan dorí kodò. Téńté òkè wà nísàlẹ̀. Ojú ọ̀run wà lábẹ́ téńté náà. Ẹni tó bá ń wò ó báyìí kò rí òkè mọ́. Ibi dúdú ló ń rí, àti ibi funfun, àti ìlà tó pààlà sáàárín wọn. Ó sún ẹsẹ̀ mẹ́ta díẹ̀. Ìlà náà yí padà. Ó ti àpótí pẹlẹbẹ bọ ẹ̀yìn kámẹ́rà. Ó fa ìdérí rẹ̀ jáde. Ó ṣí ojú lẹ́ǹsì, ó tì í.

Àwo kan lọ. Òmíràn tún lọ.

Ọ̀sán. Wọ́n dé Diving Board. Ọ̀gbun wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ní iwájú ni Half Dome wà, àpáta gíránáìtì tí orí rẹ̀ ga ju ẹsẹ̀ bàtà 8,800 lọ láti ojú òkun. Apá kan rẹ̀ rí róbótó. Apá tó kọjú sí wọn dúró ṣánṣán. Ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn ni ojú àpáta náà kọ sí. Oòrùn òwúrọ̀ kì í dé ibẹ̀. Ní báyìí, ibòòji bò ó láti òkè délẹ̀. Ó rí bí ògiri tí wọn kò tíì kùn. Kò sí ibi tó yọ, kò sí ibi tó wọnú.

Ó lè yà á báyìí kí wọ́n sì máa sọ̀kalẹ̀. Kò yà á.

Àwo méjì ló kù.

Aago kan kọjá. Wọ́n ń dúró. Ìmọ́lẹ̀ ń rá bọ̀ láti etí àpáta, díẹ̀díẹ̀. Ibi tó bá kàn á yóò yọ: ìlà, kòtò, ẹsẹ̀ omi tó ti gbẹ. Ibi tí kò tíì kàn ṣì pa mọ́. Bí ó bá yá jù, àpáta náà yóò jẹ́ ibòòji nìkan. Bí ó bá pẹ́ jù, ìmọ́lẹ̀ yóò gba gbogbo ojú rẹ̀, yóò sì tún tẹ́ pẹrẹsẹ.

Àfonífojì wà nísàlẹ̀, igi wà níbẹ̀, òkè mìíràn pọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Kì í ṣe gbogbo wọn ni yóò wọlé. Àpáta yóò gba ibi tó pọ̀ jù. Yìnyín díẹ̀ yóò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Òkè ṣóńṣó kan tó funfun yóò yọ lọ́nà jíjìn. Ojú ọ̀run yóò gba ìyókù.

Aago 2:30. Ìmọ́lẹ̀ ti gba ìdajì ojú àpáta. Ìdajì kejì ṣì wà nínú ibòòji. Ansel mú fíltà ìyeyè. Òun ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán máa ń lò nígbà náà. Ó máa ń dí díẹ̀ lára ìmọ́lẹ̀ búlúù, kí ojú ọ̀run má baà funfun jù nínú fọ́tò. Ó fi í síwájú lẹ́ǹsì. Ó ti àpótí bọ̀ ọ́. Ó fa ìdérí. Ó ṣí ojú lẹ́ǹsì, ó tì í.

Àwo kan ló kù.

Kò tíì kúrò nídìí kámẹ́rà tí ó fi mọ̀. Ohun tó wà lórí àwo yẹn yóò jọ àpáta. Yóò jọ ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò ní sí àṣìṣe nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àpáta náà ṣe ga tó, bí ó ṣe wúwo, bí ó ṣe ń dẹ́rù bani, kò ní sí níbẹ̀. Fọ́tò mìíràn ló wà lọ́kàn rẹ̀: ojú ọ̀run tó dúdú, ibòòji tó jinlẹ̀, òkè ṣóńṣó tó funfun gbòò.

Àsìkò yẹn, ọ̀pọ̀ ayàwòrán ń lo lẹ́ǹsì tó ń sọ nǹkan di bàìbàì. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì tún àwòrán kùn lórí pépà kí ó lè jọ àwòrán tí wọ́n fi ọ̀dà kùn. Ansel kò fẹ́ ìyẹn. Ó mú fíltà pupa, Wratten nọ́mbà 29.

Díńgí pupa máa ń dí ìmọ́lẹ̀ búlúù pa. Búlúù ni ojú ọ̀run. Inú ibòòji náà, ìmọ́lẹ̀ tó wọ ibẹ̀, láti ojú ọ̀run ló ti ń wá. Nítorí náà, méjèèjì yóò ṣókùnkùn. Àpáta tí oòrùn kàn kò ní ṣókùnkùn tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fíltà yìí ní ìṣòro tirẹ̀: ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po 16 ni àwo yóò nílò. Ó dín ihò lẹ́ǹsì kù sí f/22 kí gbogbo nǹkan lè hàn ketekete. Ojú lẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, bí ẹsẹ̀ kan bá mì lórí àpáta, àwo tó kẹ́yìn ti lọ nìyẹn.

Ó rọra fi fíltà sí i. Ó ti àpótí bọ̀ ọ́. Ó fa ìdérí.

Ó ṣí ojú lẹ́ǹsì. Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Àrún. Ó tì í.

Àwo tán.

Wọ́n ń sọ̀kalẹ̀. Fọ́tò náà ti wà lẹ́yìn rẹ̀, nínú òkùnkùn àpótí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè rí i. Kámẹ́rà náà kò ní ojú tí wọ́n fi ń wo ohun tí wọ́n ti yà. Kò sí ọ̀nà láti mọ̀ bóyá fíltà náà ṣiṣẹ́, bóyá ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún tó, bóyá ìmọ́lẹ̀ ti jò wọlé.

Nígbà tí ó fọ àwo náà, tí ó gbé e sókè láti inú omi, gbogbo àwọ̀ yí padà bí nẹ́gátíìfù ṣe máa ń rí. Yìnyín dúdú. Ibi tí ojú ọ̀run wà mọ́ gaara. Ibẹ̀ gan-an ni yóò dúdú lórí pépà. Gbogbo ohun tó rò wà níbẹ̀.

Orúkọ fọ́tò náà ni Monolith, the Face of Half Dome. Lọ́dún 1927 kan náà, ó wọ inú àkójọ fọ́tò 18 tí Ansel Adams kọ́kọ́ gbé jáde. Lọ́dún 1930, ó yan fọ́tò ní iṣẹ́, ó sì fi dùùrù sílẹ̀ ní iṣẹ́. Ní gbogbo ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ń tẹ àwòrán náà sórí pépà lákọ̀tun. Nínú yàrá òkùnkùn, yóò fi ọwọ́ ṣíji bo apá kan kí ó lè mọ́lẹ̀ sí i, yóò fi ìmọ́lẹ̀ kún apá mìíràn kí ó lè dúdú sí i. Ó máa ń sọ pé nẹ́gátíìfù ni orin tí wọ́n kọ sílẹ̀, pépà ni títa á.

Àwo méjì tó kẹ́yìn jọ ní àpáta kan, kámẹ́rà kan, ibi ìdúró kan, ọ̀sán kan. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ó ya ọ̀kan bí wọ́n ṣe máa ń yà á. Ó sì ti rí èkejì lọ́kàn kí ó tó yà á. Lónìí, ẹni tó gun òkè Ìdánrè pẹ̀lú fóònù lè fi ìka kan fa búlúù ojú ọ̀run wálẹ̀ títí yóò fi dúdú. Iṣẹ́ fíltà pupa náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí àtúnṣe tó lè sún òjìji kúrò lórí àpáta tí oòrùn kò tíì dé, kò sì sí èyí tó lè sún ayàwòrán kúrò níbi tí kò yẹ kí ó dúró sí. Ibi ìdúró àti àsìkò ló ń ṣe fọ́tò òkè. Ẹni tó ti mọ fọ́tò tó fẹ́ kó tó tẹ bọ́tìnnì nìkan ló mọ ohun tó ń tún ṣe.